Ẹ̀dà kan ṣoṣo, òǹkàwé púpọ̀: báwo ni a ṣe lè fi ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àlòkù ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Mo kí gbogbo olùfẹ́ ìwé Yorùbá tí ó wà níhìn-ín. Ẹ̀dà àlòkù kan lára ìwé Kọ́lá Akínlàdé tí ó ń jẹ́ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?, èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1971, bọ́ sí mi lọ́wọ́ lórí àtẹ kan ní Dùgbẹ̀. Mo ti kà á tán, n kò sì fẹ́ kí ó jókòó sórí pẹpẹ ìwé mi títí ikán yóò fi bá a níbẹ̀, nítorí pé irú ìwé báyìí kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ lórí àtẹ mọ́, àwọn tí ń wá a kò sì dín kù. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Abẹ́òkúta, àwọn méjì wà ní Èkó, àbúrò mi obìnrin sì wà ní London. Gbogbo wọn ni ó fẹ́ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó bá kà á tán sì fi lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́.

Ìwé náà ti gbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti sán, ewé mélòó kan ti fẹ́ já kúrò, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti lò ó rí sì fi báírò kọ nǹkan sí etí ewé káàkiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi ìwé ránṣẹ́ báyìí, kí ni kí n ṣe kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, báwo ni kí a sì ṣe ètò rẹ̀ tí ìwé kò fi ní bàjẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní ba adùn ìtàn náà jẹ́ fún ẹni tí kò tíì kà á?

Alátẹ ìwé, Yábà

Ẹ kú ìfẹ́ ìwé, ọ̀gá wa. Ìwé àlòkù ni mo ń tà jẹun. Bí wọ́n bá gbé ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá bá mi, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé mo máa ń tọ nọ́ńbà ojú ewé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀kan kò gbọdọ̀ fò mí. Bí ewé kan bá já nínú irú ìtàn mìíràn, òǹkàwé lè fi òye dí àlàfo náà. Nínú irú èyí, òǹkọ̀wé lè ti fi ohun kan ṣoṣo tí yóò tú àṣírí apànìyàn pamọ́ sáàárín ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń bá ara wọn sọ ní ojú ewé tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú, bí ewé yẹn kò bá sì sí, gbogbo ìyókù kò ní já geerege mọ́. Ewé àkọ́kọ́ àti ewé ìkẹyìn ni ó sì máa ń kọ́kọ́ já, nítorí pé àwọn ni ó fara kan èèpo ìwé, àwọn ni ọwọ́ ń fà jù. Ẹ ò rí i pé ibi tí ìdáhùn wà gan-an ni ó ń kọ́kọ́ sọnù.

Bí ẹ bá rí i pé ewé kan kò sí, ẹ wá ẹni tí ó ní ẹ̀dà mìíràn, kí ó bá yín da ọ̀rọ̀ inú ewé náà kọ sórí bébà, kí ẹ sì fi í sí àyè rẹ̀ kí ìwé tó kúrò nílé. Bí ẹ kò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ kọ nọ́ńbà ewé tí kò sí náà sí inú èèpo iwájú, kí ẹni tí ń bọ̀ wá kà á mọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dun ènìyàn púpọ̀ láti jí òru ka ìwé dé ojú ewé tí ó ṣẹ́kù díẹ̀, kí ó wá bá èèpo ẹ̀yìn pàdé láìròtẹ́lẹ̀.

Ẹ tún wò ó bóyá ojúlówó ni. Ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ dà kọ máa ń ní lẹ́tà tí ó ṣú tàbí tí ó pòyì, ìlà rẹ̀ máa ń wọ́, àwọ̀ èèpo rẹ̀ a sì ṣá. ISBN, nọ́ńbà tí a fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, ti àwọn ìwé tí a tẹ̀ ní Nàìjíríà sábà máa ń ní 978, èyí tí ó jẹ́ nọ́ńbà orílẹ̀-èdè wa. Láti 2007, tí ISBN ti di nọ́ńbà mẹ́tàlá, ẹ óò rí 978 yìí lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ kò ní ISBN rárá, nítorí náà ẹ má tìtorí àìsí rẹ̀ pe ìwé àwọn bàbá wa ní ayédèrú.

Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi sẹ́lótéèpù kan ìwé yẹn. Gọ́ọ̀mù ara rẹ̀ máa ń wọ inú bébà lọ. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ọ̀rá òkè yóò ṣí kúrò, àbàwọ́n pípọ́n ni yóò sì kù lórí lẹ́tà, kò sí ẹni tí ó lè fọ̀ ọ́ kúrò mọ́. Bébà tí wọ́n fi tẹ ọ̀pọ̀ ìwé ní àwọn ọdún 1970 ní ásíìdì nínú, ìdí nìyẹn tí ó fi ń pọ́n, tí etí rẹ̀ sì ń rún bí a bá ká a. Irú bébà bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ìnira rárá.

Ewé tí ó ti já ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ wá gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, ẹ bu díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, ẹ fi omi díẹ̀ là á, kí ẹ sì fi orí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan fà á gba etí ewé náà ní ìhà inú, kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ ọ̀hún, kí ó má ṣe nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti ewé náà wọ àyè rẹ̀ títí tí yóò fi kan ẹ̀yìn ìwé, kí etí rẹ̀ níta sì bá ti àwọn ewé yòókù dọ́gba. Ẹ fi ọ̀rá sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù má baà mú ewé mìíràn, kí ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sì gbé ìwé ńlá mélòó kan lé e lórí di ọjọ́ kejì. Bí ewé bá ya ní àárín, bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti sítáàṣì tí ẹ sè kí ó má ki jù ni kí ẹ lò. Ohun tí mo fi fẹ́ràn sítáàṣì ni pé omi díẹ̀ lè tú u lọ́jọ́ iwájú bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ bá fẹ́ tún un ṣe.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ. Kàlẹ́ńdà ọdún tí ó ti kọjá dára púpọ̀, bí a ti máa ń ṣe sí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ní kékeré, ṣùgbọ́n kíká ni kí ẹ ká a mọ́ èèpo, ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ní àsìkò òjò, ìwé a máa bu. Ẹ má ṣe tìtorí bẹ́ẹ̀ sá a sínú oòrùn gangan, nítorí pé oòrùn a pọ́n bébà, a sì mú èèpo rẹ̀ ká kò. Ẹ gbé e dúró ní òró sí ibòji tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kí ẹ ṣí àwọn ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn ohun tí ó bu náà dànù ní ìta, kí ẹ sì fi aṣọ bo imú. Bí ó bá ń rùn, ẹ gbé e sínú páálí pẹ̀lú àwo èédú kan, kí ìwé má fara kan èédú, kí ẹ dé páálí náà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ohun kan kù tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Ẹ yẹ inú ìwé wò fún òǹtẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ rà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí òǹtẹ̀ ilé ìkàwé kan bá wà níbẹ̀, tí kò sí òǹtẹ̀ mìíràn tí ó fi hàn pé wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ wọn, ó tọ́ kí ẹ kàn sí wọn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Olùkọ́ èdè Yorùbá, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun tí ẹ rántí òǹtẹ̀. Ọ̀rọ̀ etí ewé ni èmi fẹ́ sọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn ti sábà máa ń bàjẹ́ fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò sílẹ̀ kì í ka ìwé bí ẹni tí ń wá ìgbádùn. Yóò fa ìlà sábẹ́ orúkọ, yóò kọ ìtumọ̀ òwe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ó bá sì ti mọ apànìyàn, yóò kọ ọ́ síbi tí ọ̀gbẹ́ni náà ti kọ́kọ́ fara hàn kí ó lè rántí. Ohun tí pẹ́ńsùlù kọ, rọ́bà yóò pa á rẹ́ bí ọwọ́ bá rọ̀. Ohun tí báírò kọ, ẹ má ha á, bébà yóò lu ni. Ẹ gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi sítáàṣì lẹ̀ ẹ́ lé e lórí ní etí kan ṣoṣo, kí ẹni tí ó bá kà á dé òpin lè ṣí i wò. N kò fara mọ́ kí a fi iníìkì bò ó pátápátá, nítorí pé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn jẹ́ apá kan nínú ìgbésí ayé ìwé náà, ó sì dùn mọ́ mi láti rí i bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ṣe rò pé ìyá arúgbó kan ni ó jẹ̀bi.

Ó tún yẹ kí a mọ irú ìwé tí a ń fi ránṣẹ́. Akínlàdé a máa kó àwọn tí a lè fura sí jọ síwájú òǹkàwé, Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, a sì máa yẹ̀ wọ́n wò títí ìdáhùn yóò fi já síta. Orúkọ ìwé yìí gan-an ti di ìbéèrè sí òǹkàwé lọ́rùn. Nínú irú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ẹni tí ó ṣe é, ó ti gba ohun tí ó pọ̀ jù lọ nínú ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bọ̀. Ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí yàtọ̀. Nínú Àjà Ló Lẹrù, tí ó jáde ní 1969, ìlépa àti ewu tí Lápàdé, akọni inú ìtàn náà, ń bá kiri ni ó ń fa òǹkàwé lọ, èdè rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ti mọ ibi tí ìtàn parí sí yóò tún un kà. Bí ẹ bá ní òun àti Àgbàlagbà Akàn ti 1971, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ rìn, kí ẹ sì kọ 1 àti 2 sí ara aṣọ wọn, nítorí pé èkejì ń tẹ̀lé èkíní.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tí yóò gba ìwé yín: kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àkọtọ́ àtijọ́ lé wọn sá. 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò báyìí, nítorí náà wọn yóò bá “aiye”, “enia”, “nwọn” àti “yio” pàdé nínú ìwé tí a tẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹ kọ bébà kékeré kan tí ó ṣàlàyé èyí sínú ìwé. Bí wọ́n bá fi lè ka ojú ewé mẹ́wàá, ojú wọn yóò ti mọ́ ọn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní àṣà kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbìyànjú. Ìwé àjákọ tínrín kan ń bá ìwé ìtàn náà rìn. Bí òǹkàwé bá kà á dé ìdajì, yóò dúró, yóò kọ orúkọ ẹni tí ó fura sí àti ìdí rẹ̀ sí ojú ewé kan, yóò ká ewé náà pa, kò sì ní ṣí ti ẹlòmíràn títí yóò fi ka ìwé tán. Bí ó bá parí, yóò wá ka èrò gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn kò fẹ́ fọwọ́ kan ìwé Yorùbá tẹ́lẹ̀, tí ó jẹ́ pé nítorí kí wọ́n lè ṣí àwọn ewé tí a ká pa yẹn ni wọ́n ṣe kàwé parí.

Àbúrò kan, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ bi yín tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, ṣé kò ní rọrùn kí bàbá fi fóònù ya gbogbo ojú ewé rẹ̀, kí wọ́n sì fi sí orí WhatsApp, kí gbogbo wa lè kà á lójú kan náà?

Agbẹjọ́rò, Ìkẹjà

Àbúrò, ìbéèrè rẹ dára, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ pé òfin lòdì sí i. Ní abẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022 ní Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ lórí ìwé wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Òkédìjí tí olùkọ́ wa dárúkọ, ní 2019 ni ó jáde láyé, nítorí náà ẹ̀tọ́ àwọn ajogún rẹ̀ kò ní tán títí ìparí 2089. Ẹ̀dà tí ẹ fi owó rà jẹ́ tiyín. Ẹ lè yá ènìyàn, ẹ lè fi tọrẹ, ẹ lè tún un tà. Ṣíṣe ẹ̀dà tuntun láti ara rẹ̀ kí ẹ sì fọ́n ọn ká ni òfin kọ̀. Ní ti ewé tí ó sọnù tí alátẹ ìwé ní kí a dà kọ, òfin fi àyè sílẹ̀ fún lílò níwọ̀nba fún ìlò ara ẹni, n kò sì rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀.

Èmi fúnra mi yóò fi kún un pé àwọn ilé ìtẹ̀wé kì í tún ìwé tẹ̀ bí wọn kò bá rí ẹni tí yóò rà á. Bí ìwé yìí bá wu ẹ̀yin tí ẹ yá a kà, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ béèrè bóyá ẹ̀dà tuntun wà.

Ìyá ẹgbẹ́ òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Olùbéèrè, ẹ kú àfojúsùn rere. Ètò ni yóò gba ìwé yín là. Kí ìwé tó kúrò nílé, ẹ lẹ bébà kan mọ́ inú aṣọ rẹ̀, kí orúkọ àwọn òǹkàwé tò síbẹ̀ bí wọn yóò ṣe gbà á, pẹ̀lú àyè fún ọjọ́ tí ó dé àti ọjọ́ tí ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fún ẹnì kan. Bí iṣẹ́ bá dí ẹnì kan lọ́wọ́, kí ó sọ, kí ìwé fò ó kọjá, kí ó sì padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa mójú tó bébà yìí, kí ó sì máa fi ohùn jẹ́jẹ́ rán ènìyàn létí. Ẹ̀yin ni ó tọ́ sí, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ni ìwé.

Ẹ tún ìlà yín tò báyìí: kí ó kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta, kí ó ti ibẹ̀ lọ sí Èkó fún àwọn méjèèjì, kí ti London ṣe ìkẹyìn. Ọ̀nà tí ó jìn ni ìwé ti ń sọnù jù, ó sì dára kí àwọn tí ó wà nítòsí ti kà á kí ó tó gun bàálù.

Bí ẹ bá fẹ́ fi rán awakọ̀ ní gáréèjì, ẹ fi ọ̀rá dì í lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá fi páálí líle sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí igun rẹ̀ má baà ká. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á àti nọ́ńbà rẹ̀ sí ara ẹrù, kí ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ àti ti ọkọ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹni tí ó ń dúró ti wà ní gáréèjì kí ọkọ̀ tó wọlé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sùn sí ọ́fíìsì gáréèjì mọ́jú.

Òǹkàwé kan, Ìlọrin

Ẹ jọ̀wọ́ Ìyá, kí ni ẹ rò nípa kí olúkúlùkù fi owó ìdógò sílẹ̀ kí ó tó gba ìwé? Àwọn kan kì í dá ohun àyálò padà bí kò bá sí owó tiwọn nínú rẹ̀.

Ìyá ẹgbẹ́ òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, bí ẹ kò bá mọ ara yín, ó bójú mu. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀rẹ́ àti ẹbí, n kì í gbà á, nítorí pé ẹni tí kò rí owó san yóò dákẹ́, kò sì ní sọ ìdí tí kò fi bèèrè ìwé mọ́. Kí ẹni tí ó bá sọ ọ́ nù máa wá òmíràn kiri títí yóò fi rí i, ìyẹn tó.

Ará Peckham

Mo kí yín láti London. Bí ẹnì kan tí ẹ mọ̀ bá ń bọ̀, kí ó gbé e sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, kì í ṣe inú àpótí tí wọn yóò gbé sísàlẹ̀ bàálù. Bí ìwé bá ti dé Britain, tí àbúrò yín sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn níbí, kò náni púpọ̀. Royal Mail, ilé ìfìwéránṣẹ́ ibí, máa ń gba ohun tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, tí kò sì wúwo ju gíráàmù 750 lọ, gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà ńlá, ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn Yorùbá sì tínrín tó bẹ́ẹ̀. Kí ó fi rúlà wọ̀n ọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti dì í tán, torí pé páálí tí Ìyá ní kí a fi sí i yóò fi kún nínípọn rẹ̀.

Àwọn kan níbí a máa fi ìwé sílẹ̀ ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i, bí àwọn ẹgbẹ́ BookCrossing ti ń ṣe láti 2001: wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ìwé, ẹni tí ó bá rí i á sì kọ ibi tí ó bá a sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ó dára fún ìwé tí ó kún ọjà. Fún ẹ̀dà yín yìí, n kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè gbé e, kí ó sì jù ú nù.

Òǹkàwé kan, Houston

Mo fẹ́ kí ẹ fi orúkọ mi kún ìlà náà lẹ́yìn ti London, bí olùbéèrè bá gbà. Èmi ni yóò san owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ wá síbí. Bí àwọn mìíràn bá wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fẹ́ ẹ, ilé ìfìwéránṣẹ́ ibí ní ètò tí wọ́n ń pè ní Media Mail, tí ó wà fún ìwé, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ẹrù lásán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í yá tó o. Ìwé nìkan ni kí ẹ dì sínú rẹ̀, torí pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí i wò. Ìwé àjákọ tí olùkọ́ wa sọ kò bá ètò yìí mu nítorí pé ọwọ́ ni a fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ó gba ọ̀nà tirẹ̀ nínú àpò lẹ́tà, kí àwọn ewé tí a ká pa sì wà ní kíká títí tí yóò fi dé.